Ta ni ó wọ́ igi náà? Ọ̀rọ̀ lórí “fagi lé” àti “wọ́gi lé”

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá nìkan, ìwé ìkéde mẹ́ta ni wọ́n kó wá bá mi fún àtúnṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ti ibì kan náà wọ́. Ọ̀kan sọ pé “ìpàdé náà ti wọ́gi lé”. Èkejì sọ pé àwọn “fàgilé ayẹyẹ náà di oṣù tí ń bọ̀”. Ẹ̀kẹta, tí ó bí mi nínú jù, ní àwọn “sún ètò náà síwájú pátápátá”. Nígbà tí mo bi ẹni tí ó gbé e wá léèrè, ó ní ohun tí àwọn ní lọ́kàn ni pé ètò náà kò ní wáyé mọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ àti olóòtú, àṣìṣe yìí kò sì dín kù rí.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí fífà, igi àti lé túmọ̀ sí. Ohùn wọn ni kí á gbọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni “fà” ní, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà a di ohùn àárín: a fà á, ṣùgbọ́n a fa okùn, a fa igi. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ “fagi lé”, tí kì í ṣe “fàgi lé”. Ohùn òkè kì í yí padà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni “wọ́gi lé” ṣe di àmì òkè rẹ̀ mú. Ẹni tí ó kọ “fági lé” ti fi abẹ fá igi, ẹni tí ó sì kọ “wọgi lé” ti kó wọ inú igi lọ. A kì í lẹ “lé” mọ́ ọn lára pẹ̀lú, nítorí pé lẹ́yìn “lé” ni àbọ̀ ń bọ̀: wọ́gi lé ìpàdé, wọ́gi lé e, wọ́gi lé wọn. Ìgbà tí ó bá di ọ̀rọ̀-orúkọ, ìfagilé tàbí ìwọ́gilé, ni a tó ń kọ ọ́ pọ̀.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni ọwọ́ tí ó wọ́ igi náà. Igi kì í dá wọ́ ara rẹ̀ lé nǹkan. Bí o bá kọ ọ́ pé “ìpàdé náà ti wọ́gi lé”, o ti sọ ìpàdé di olùwà, ó wá kù kí o sọ ohun tí ìpàdé wọ́ igi lé fún wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè fi ẹni tí ó ṣe nǹkan pa mọ́, kí ọ̀rọ̀ sì délẹ̀. Yorùbá kò gba bẹ́ẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ mọ ẹni náà, “wọ́n” wà níbẹ̀ tí yóò dúró fún un: wọ́n ti wọ́gi lé ìpàdé náà. Bí a bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí á dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1993, ìjọba ológun Ibrahim Babangida wọ́gi lé ìdìbò ààrẹ tí àwọn ará ìlú ti dì ní ọjọ́ 12 oṣù náà, ìdìbò tí Abíọ́lá ti ń lé iwájú nínú rẹ̀. Ìdìbò náà kò wọ́gi lé ara rẹ̀, ẹni tí ó bá sì kọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti bá ẹlẹ́ṣẹ̀ bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé ìdìbò tí wọ́n ti dì tán ni: ọ̀rọ̀-ìṣe yìí lè ká ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kò, ó sì lè sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ di òfo.

Sísún ọjọ́ síwájú yàtọ̀ gedegbe. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò INEC kéde ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2019 pé ìdìbò ààrẹ ọjọ́ náà di ọjọ́ 23, sísún ni wọ́n sún un. Ní ọdún 2020, àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà mú kí wọ́n sún ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo sí ọdún tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n wọ́gi lé ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon ti ọdún náà, ti ọdún 2020 kò sì wáyé títí di òní. Ohun tí a sún ṣì ní ọjọ́ níwájú. Ohun tí a wọ́gi lé kò ní.

Ìyókù kò le. Iṣẹ́ tí ó ń lọ lọ́wọ́ ni a ń dá dúró. Ilé ẹjọ́ a máa tú ìgbéyàwó ká, a sì máa da ẹjọ́ nù. Ẹni tí kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, tí kò sì yọjú, àdéhùn ni ó yẹ̀.

Àwọn kan wà tí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ń bà. Ìyá kan bẹ̀ mí kí n má ṣe kọ “wọ́gi lé” sínú lẹ́tà tí yóò sọ fún àlejò pé ìgbéyàwó ọmọ òun kò wáyé mọ́, ó ní igi kò gbọdọ̀ kọjá lórí orúkọ ọmọ. Ìyá yìí kan náà a máa fagi lé ikú àti àìsàn nínú àdúrà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́! Mo kọ “kò ní wáyé mọ́” fún un, nítorí pé ó ṣe kedere, kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù. Àwọn tí n kò lè fara mọ́ ni àwọn tí ń da Gẹ̀ẹ́sì sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń da èyí tí ó pọ̀ jáde kọ, tí wọ́n sì ń gba owó ògbufọ̀. Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lórí fóònù: “Ṣé kí a fagi lé ìsanwó yìí?” Lábẹ́ rẹ̀, bọ́tìnì méjì: “Ó dára” àti “Fagi lé”. Ẹni tí ó fẹ́ dá owó rẹ̀ dúró yóò tẹ “Fagi lé”, owó yóò sì lọ, nítorí pé ìfagilé gan-an ni ó fagi lé. “Bẹ́ẹ̀ ni, má san án” àti “Rárá, san án” ni wọn ì bá ti kọ síbẹ̀.

Bàbá kan ń gbé nítòsí wa tí ó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, èyí tí ìríran tí ó bá ti bá a lọ kì í padà mọ́. Ilé ìwòsàn kan kọ lẹ́tà sí i pé: “A ti fagi lé ọjọ́ ìpàdé yín pẹ̀lú dókítà. A máa kàn sí yín.” Bàbá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọ̀rá wé káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀, ó sì tì í bọ abẹ́ ibùsùn. Nígbà tí oògùn tí ó ń kán sójú tán, kò ra òmíràn. “Wọ́n ti wọ́gi lé mi,” ni ó sọ fún mi nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ wá kí i, tí ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ ife ni bàbá ń bu omi sí. Ojú òsì ti lọ.

Mo ní kí ó mú lẹ́tà náà wá. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀: ọjọ́ kan ni wọ́n wọ́gi lé. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí igi náà kò kàn. Ẹ̀yìn lẹ́tà yẹn ni mo kọ ọ́ sí bí ó ti yẹ, mo sì gbé e lọ bá wọn fúnra mi: “A kò ní lè rí yín ní ọjọ́ kejìlá. Ọjọ́ yẹn nìkan ni a wọ́gi lé, a kò wọ́gi lé ìtọ́jú yín. Ẹ má ṣe dá oògùn ojú yín dúró, ẹ sì wá rí wa ní ọjọ́ kọkàndínlógún.”