Báwo ni orí ẹran ṣe ń ti igbó Áfíríkà dé ara ògiri ní Amẹ́ríkà láì rà?

Ní oṣù tó kọjá, mo fi àwòrán orí ẹran kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi nílé ní Ìgbòho. Orí kudu ni, ẹran ńlá kan báyìí tó fara jọ ìgalà wa, àmọ́ tí ìwo rẹ̀ lọ́ bí okùn, tó sì gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Ara ògiri pálọ̀ bàbá òyìnbó kan tí mo ń tọ́jú ní Houston ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Bàbá náà ló pa á ní Namibia, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ọmọ ọdẹ ni èmi àti àbúrò mi. Ẹtu àti ìgalà tí bàbá wa pa kò níye. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ọmọ yìí dà bò mí lálẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ débi pé mo lọ bi bàbá òyìnbó náà, mo sì tún lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣe irú orí ẹran bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tí àbúrò mi béèrè àti ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí ẹran gidi nìyẹn? Kí ló dé tí kò rà?

Orí kọ́. Awọ ni. Mo fi ìka kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó dún gbọ̀ bí ìgbà tí èèyàn kan kúlà tí wọ́n fi ń ta omi tútù. Fóòmù líle ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ní ìrísí ọrùn àti orí kudu. Ojú rẹ̀ tó ń wò mí yẹn, gíláàsì ni, ó tutù nini. Ike ni wọ́n fi sínú etí kó lè nàró. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ìpéǹpéjú àti ihò imú. Egungun kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ẹran náà ni pèpéle agbárí tí ìwo hù lé lórí, tí wọ́n fi ìdè irin dè mọ́ fóòmù náà. Ohun tó ń rà lára ẹran, ìyẹn ẹran ara, ọ̀rá àti ọpọlọ, kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá.

Taxidermy ni òyìnbó ń pe iṣẹ́ yìí. Nígbà kan rí, pòròpórò àti àkísà ni wọ́n máa ń kì sínú awọ, ẹran náà á wá wú bí ẹni tó lárùn. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Carl Akeley wà lára àwọn tó yí i padà. Òun a kọ́kọ́ wọn ẹran, a mọ ère rẹ̀ pẹ̀lú iṣan àti egungun ìhà, kó tó wá fi awọ wọ ère náà bí ẹni wọ aṣọ. Erin méjì tó ń bá ara wọn jà, tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣì dúró ní Field Museum ní Chicago di òní. Kóńgò ló kú sí ní 1926. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ẹranko Áfíríkà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní New York.

Nígbà tí ìbọn dún tán, kí ni wọ́n ń ṣe sí ẹran náà?

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà wa àti tiwọn ti pínyà. Ìwọ náà mọ ohun tí bàbá wa máa ń ṣe. Tó bá gbé ẹran délé, iná ni. A ó wi irun rẹ̀ dànù, a ó fi ọ̀bẹ họ ọ́, a ó kun ún, awọ á sì bá ẹran wọ ìkòkò. Àwa ń jẹ awọ. Lọ́dọ̀ ọdẹ tó wá láti òkè òkun, awọ yẹn ni ohun tó tìtorí rẹ̀ wá.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí àwa ì bá fi bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ọdẹ Mùsùlùmí bá bá ẹran láàyè, á ṣe bísímílà, á dúńbú rẹ̀ kó lè jẹ́ halal. Tí èèyàn bá dúńbú ẹran tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ògiri, ojú ọgbẹ́ náà á hàn níwájú ọrùn, níbi tí gbogbo àlejò á ti máa wò ó. Ẹ̀yìn ọrùn ni ẹni tó ń bó awọ ti ń là á, láti èjìká gòkè lọ sí àárín ìwo méjèèjì, kí ojú rírán lè fi ara pamọ́ sábẹ́ irun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀bẹ kékeré wá dé ojú. Ó gbọ́dọ̀ yọ ìpéǹpéjú láì gé e. Ó gbọ́dọ̀ la ètè sí méjì láti inú. Etí ńkọ́? Á yí i síta pátápátá bí ẹni yí ìbọ̀sẹ̀ síta, láì fà á ya. Ẹ̀bá imú, níbi tí awọ ti lẹ̀ mọ́ kèrékèré, ni àwọn tí ọwọ́ wọn kò dá ti máa ń lu awọ. Ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù náà fi awọ kan hàn mí tí wọ́n ti lu ihò mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ó ní òun á rán an, àmọ́ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á rí i.

Tí awọ bá ti kúrò lára ẹran, iyọ̀ ló kàn, kì í sì í ṣe ti ọbẹ̀. Iyọ̀ kúnná ni wọ́n ń dà lé ojú inú awọ, kó nípọn, kí wọ́n sì fi ọwọ́ rà á wọ gbogbo kọ̀rọ̀, pàápàá inú etí àti ètè tí wọ́n là. Iyọ̀ á fa omi jáde. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gbọn iyọ̀ tútù yẹn nù, wọ́n á da tuntun sí i. Abẹ́ òjìji ni wọ́n ń sá a sí, oòrùn líle kì í dé ibẹ̀. Tí iyọ̀ bá pẹ́ kó tó dé ibì kan, bóyá nítorí ooru tàbí nítorí pé wọ́n fi awọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìdíbàjẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láì sí ẹni tó rí i. Ẹ̀yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí wọ́n bá rẹ awọ náà sómi ní Amẹ́ríkà, irun á máa tú kúrò lára rẹ̀ bíi ti adìẹ tí a da omi gbígbóná lé. Kò sí àtúnṣe fún un.

Nígbà tí Theodore Roosevelt kúrò nípò ààrẹ Amẹ́ríkà tó sì lọ ṣọdẹ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1909, tọ́ọ̀nù iyọ̀ mẹ́rin ni wọ́n kó dání. Orí ènìyàn ni wọ́n fi rù ú wọ inú igbó. Nítorí awọ ni.

Ṣé kò lè dì í sínú báàgì rẹ̀ kó sì bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú?

Rárá o. Bàbá náà padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹran rẹ̀ gba ilé iṣẹ́ kan lọ ní Namibia níbẹ̀. Wọ́n se agbárí títí ẹran fi já kúrò, wọ́n fa ìwo yọ kúrò lára egungun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n nu inú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi oògùn tó ń mú egungun funfun pa á. Wọ́n ri awọ bọ inú omi oògùn tó ń pa eégbọn àti kòkòrò tó ń jẹ awọ, wọ́n sá a, wọ́n ká a, wọ́n kàn án sínú àpótí pákó. Dókítà ẹran tọwọ́ bọ ìwé. Oṣù mẹ́sàn-án ni bàbá náà dúró kí àpótí tó dé, ó sì tún dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe awọ náà tó sì gbé e wọ fóòmù. Ó ní owó kíkó wá àti ṣíṣe rẹ̀ ju owó tí òun san lórí ẹran fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣé gbogbo ẹran ni wọ́n gbà wọ́n láyè láti kó bẹ́ẹ̀?

Kudu rọrùn, torí kò sí nínú ìwé CITES, ìyẹn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀ ní Washington ní 1973 lórí títa ẹranko àti ewéko inú igbó láti ìlú kan sí òmíràn. Ẹkùn wà ní ìsọ̀rí kìíní, tó le jù. Ìlú tó ń gbé e jáde gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé, ìlú tó ń gbà á wọlé náà gbọ́dọ̀ fún un ní tirẹ̀. Kìnnìún wà ní ìsọ̀rí kejì. Ti erin pín sí méjì: ti Botswana, Namibia, Zimbabwe àti Gúúsù Áfíríkà wà ní ìsọ̀rí kejì, ti ibi tó kù wà ní ìsọ̀rí kìíní. Àwọn ìlú kan kò sì gbà á rárá. Kẹ́ńyà ti fòfin de irú ọdẹ yìí láti 1977. Botswana dá a dúró ní 2014, ó tún ṣí i ní 2019.

Ó ṣeé ṣe kó o rántí Cecil, kìnnìún Zimbabwe tí ọmọ Amẹ́ríkà kan ta lọ́fà nítòsí igbó ọba Hwange ní 2015. Ariwo náà ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bíi Delta sọ pé àwọn kò ní gbé kìnnìún, ẹkùn, erin, àgbánréré tàbí ẹfọ̀n tí wọ́n pa báyìí mọ́. Ní òpin ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà fi kìnnìún Áfíríkà kún àwọn ẹran tí òfin wọn ń dáàbò bò. Ní tèmi, inú mi dùn sí i. Èmi ò rí ìdí tí ẹnì kan fi ní láti pa kìnnìún nítorí ògiri.

Ìmàdò ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ẹran tó ṣọ̀wọ́n.

Kò ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ẹbí ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ìmàdò lè gbé kòkòrò ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà kiri láì ṣàìsàn, ẹlẹ́dẹ̀ ilé tó bá kó o sì máa ń kú. O rí ohun tó ṣe àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Àró ní 2020, nígbà tí àìsàn yìí pa ẹlẹ́dẹ̀ wọn. Nítorí náà, Amẹ́ríkà ń ṣọ́ awọ ìmàdò lọ́tọ̀, ibi tí ìjọba bá fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti lè tú u.

Ẹran rẹ̀ tó ṣẹ́kù, ṣé wọ́n ń dà á nù ni?

Wọn kì í dà á nù. Wọ́n jẹ díẹ̀ ní àgọ́, àwọn òṣìṣẹ́ àti ará abúlé pín èyí tó kù. Wọ́n gé òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi iyọ̀ àti ọtí kíkan sí i, wọ́n sá a gbẹ. Biltong ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Bàbá wa sọ pé ọdẹ tó bá pa ẹkùn kò gbọ́dọ̀ mú awọ rẹ̀ sílé. Ṣé a lè ní àwa náà ń ṣe é nígbà kan?

A ṣe é, lọ́nà tiwa. Ààfin ni ọdẹ ń gbé ẹkùn lọ, wọn a bò ó lójú, awọ rẹ̀ a sì di ti ọba. Agbárí àwọn ẹran mìíràn ń wà lójúbọ Ògún. Èyí tó wà lójúbọ bàbá wa, èéfín ti sọ ọ́ dúdú, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n má wá ẹkùn lọ lónìí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó wa, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọmọ mi ń ki oríkì ẹkùn láì mọ ibi tí wọ́n ti lè rí ọ̀kan.

Tí mo bá rí orí ìgalà tó dára, ṣé kí n fi rán ẹni tó ń bọ̀?

Jọ̀wọ́, má dán an wò. Wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé onítọ̀hún. Ẹran gbígbẹ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn tó tètè wọ àdéhùn CITES, ní 1974, a sì ti ní òfin tiwa lórí ẹranko tó ń parẹ́ láti 1985.

Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá bó awọ kudu yẹn?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, òun ló sì dà mí láàmú jù. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ kékeré kan sábẹ́ ọrùn ẹran náà. Orúkọ bàbá òyìnbó náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú Namibia àti ọdún. Bàbá náà rántí irú ìbọn tó lò. Ó rántí bí ìwo náà ṣe gùn tó, títí dórí ìlàjì íǹṣì. Mo bi í pé ta ló bó o. Ó ní ọmọ ibẹ̀ kan ni, ọwọ́ rẹ̀ dá gan-an.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń fún un lóúnjẹ, mo tún bi í. Ó di ojú fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ọkùnrin náà dé fìlà pupa, ó máa ń súfèé bó bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀bẹ rẹ̀ sì kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó tún ronú títí. Orúkọ náà kò wá.