Orí bátìrì tó dọ̀tí, àti iṣẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì kékeré ń ṣe níbẹ̀

Lásìkò ọyẹ́, ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kò sí gáréèjì láti Kábà títí dé Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀: awakọ̀ á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á dún "kà" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á ṣú, ó parí. "Bátìrì ti kú" ni gbogbo ẹnu máa ń sọ. Wọ́n á ti ọkọ̀, ọkọ̀ á gbéra, awakọ̀ á sì lọ fi èrè ọjọ́ mélòó kan ra bátìrì tuntun. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n ń sin báyìí ni kò tíì kú. Iná wà nínú wọn. Ọ̀nà tí iná náà máa gbà jáde ló dí. Ibi tó sì ti máa ń dí kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, ìyẹn ibi tí òjé bátìrì àti irin tó há a lọ́rùn ti fara kan ara wọn. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ gan-an ni búrọ́ọ̀ṣì onírin kan tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì.

Yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀ kékeré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fólítì 2.1 wá, ìyẹn ni bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, fi ń ka 12.6 tàbí kó lé díẹ̀. Òjé ni orí méjì tó yọ sókè lára rẹ̀. Láti ara ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní pọ́sítíìfù, wáyà pupa lọ sí sìtátà, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnnì kí ó lè gbéra. Láti ara èkejì, nẹ́gétíìfù, wáyà dúdú lọ sí ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn riwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Irin tó há orí kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, tí wọ́n fi bóòtù fún mọ́ ọn, ni tẹ́míná.

Iye iná tí nǹkan kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ ń fà kò dọ́gba rárá. Gílóòbù iwájú méjèèjì ń fà tó áńpù 9 tàbí 10. Rédíò kì í tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sìtátà tó ń yí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré onípẹtiróòlù lè fa áńpù 100 sí 200, kó tún fà jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ń gbéra. Ká wá ní ìdọ̀tí tó wà láàárín orí bátìrì àti tẹ́míná ń dènà iná ní ìwọ̀n óòmù 0.01 péré. Bí wọ́n bá tan iná iwájú, fólítì 0.1 ló máa sọnù síbẹ̀, ojú kò sì lè rí ìyàtọ̀. Àmọ́ bí sìtátà bá béèrè áńpù 150, fólítì 1.5 ló sọnù lójú ẹsẹ̀, ooru tó sì jáde níbẹ̀ á tó wáàtì 225. Òun ló ń mú kí tẹ́míná kan gbóná débi tí kò ṣe é fọwọ́ kàn, tí ike ara wáyà á máa rùn. Òun náà ló ń jẹ́ kí hóònù máa ké, kí rédíò máa sọ̀rọ̀, kí iná iwájú tàn yòò, kí ọkọ̀ sì kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó fi hóònù dán bátìrì wò kò tíì dán nǹkan kan wò. Ọyẹ́ kàn ń fi kún un ni: òtútù ń dín agbára bátìrì kù, ó sì ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki, kí sìtátà lè máa béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní tó.

Níbo ni ìdọ̀tí náà ti ń wá? Omi àti àsíìdì ló wà nínú bátìrì. Bí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí, bá ń rọ iná sínú rẹ̀, díẹ̀ nínú omi náà máa ń di afẹ́fẹ́ háídírójìn àti ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ yìí á sì gbé ìrì àsíìdì tíńtín jáde láti ojú ihò. Àsíìdì tún máa ń rọra gun ìdí orí bátìrì wá, láàárín òjé àti ike, pàápàá tí bátìrì bá ti ń gbó. Bó bá kan òjé, á di ìyẹ̀fun funfun. Bó bá kan bàbà inú wáyà, á di aláwọ̀ ewé tàbí búlúù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fólítì 13.8 sí 14.5 ló yẹ kí ọ́tánétọ̀ máa rọ. Bó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ ṣáá, bátìrì á máa hó, ìyẹ̀fun á sì máa pọ̀. Ẹni tó bu omi kún bátìrì dé ẹnu náà ń wá a. (Omi bátìrì lásán ni wọ́n sì ń bù kún un, kì í ṣe àsíìdì. Omi ló ń gbẹ. Àsíìdì kì í gbẹ. Ó yẹ kí àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ yìí ti tán.)

Lójú ọ̀nà tí tírélà sìmẹ́ǹtì ń gbà láti Ọ̀bàjànà, eruku tún máa ń bà lé ọ̀rinrin àsíìdì yìí, á wá di ẹrẹ̀ lórí bátìrì. Inú ẹrẹ̀ náà ni iná díẹ̀díẹ̀ á máa gbà láti orí kan sí èkejì, kódà nígbà tí ọkọ̀ wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Kòtò ojú ọ̀nà náà kò sì gbẹ́yìn: ó ń gbọn bóòtù tẹ́míná títí á fi dẹ̀.

Síbẹ̀, ìyẹ̀fun tí ojú ń rí kọ́ ló burú jù. Èyí tó ń dènà iná gan-an ni awọ fẹ́lẹ́ dúdú tàbí eléérú tó bo òjé lára, níbi tí tẹ́míná ti dì í mú, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láìtú u. Ìdí nìyí tí omi gbígbóná tí àwọn awakọ̀ ń dà lé orí bátìrì fi ń tan ni jẹ. Ìyẹ̀fun á yọ́, ojú bátìrì á mọ́, ọkọ̀ sì lè gbéra lọ́jọ́ náà nítorí pé díẹ̀ nínú omi wọ inú. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó tún di "kà."

Apá méjì ni búrọ́ọ̀ṣì bátìrì ní. Àkọ́kọ́ jọ ife kékeré, tí òwú irin tò yíká inú rẹ̀, tí ṣóńṣó wọn kọjú sí àárín. Orí bátìrì ni wọ́n ń dé e lé. Bí wọ́n bá fa ife náà yọ, apá kejì á jáde, búrọ́ọ̀ṣì tó ṣe ṣóńṣó lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀; inú ihò tẹ́míná lòun ń wọ̀. Ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ ni pé orí bátìrì kò gún régé bí ọ̀pá. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó kéré lókè, ihò tẹ́míná náà sì rí bẹ́ẹ̀, kí ó lè há dáadáa bí wọ́n bá tì í wálẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì yìí tẹ̀ lé ìrísí yẹn, nítorí náà ó ń kan gbogbo ara òjé lẹ́ẹ̀kan, ó ń fá awọ dúdú kúrò láìyí ìrísí orí padà.

Ọ̀bẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, fáìlì kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òjé rọ̀ gan-an. Ẹni tó fi fáìlì fá a á mú kí ẹ̀gbẹ́ kan pẹlẹbẹ, láti ọjọ́ náà lọ, ojú méjì tàbí mẹ́ta péré ni tẹ́míná á máa fi kan òjé, ooru á sì tún bẹ̀rẹ̀. Sánpépà sàn díẹ̀ bí kò bá sí búrọ́ọ̀ṣì nítòsí: wọ́n á ká a mọ́ orí bátìrì, wọ́n á fi ìka méjì yí i, wọ́n á sì nu iyanrìn rẹ̀ kúrò. Irú irinṣẹ́ mìíràn tún wà tó ní abẹ dípò òwú irin. Ó yára, ṣùgbọ́n òjé ló ń gé kúrò, ẹni tó bá sì ń lò ó lóṣooṣù á rí i pé orí bátìrì ń tín-ín-rín sí i. Ó dára kí olùrà tún mọ̀ pé orí pọ́sítíìfù máa ń tóbi ju ti nẹ́gétíìfù lọ, lára ọ̀pọ̀ bátìrì 17.5 mílímítà sí 15.9 lókè. Bátìrì àwọn ọkọ̀ Jàpáàn kan wà tí orí wọn kéré ju èyí lọ, búrọ́ọ̀ṣì tó bá sì tóbi jù á kàn máa yí lórí wọn láìfá nǹkan kan.

Kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan nǹkan, ẹ́ńjìnnì ní láti kú, kí kọ́kọ́rọ́ jáde, kí òrùka àti aago irin kúrò lọ́wọ́. Sìgá kò gbọdọ̀ sí nítòsí, nítorí pé háídírójìn tó bá ti tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ lè gbiná. Sípánà nọ́ḿbà 10 ló ń tú tẹ́míná ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáàn.

Dúdú ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú. Ìlànà yìí kì í ṣe àṣà lásán. Gbogbo ara ọkọ̀ ló ti so mọ́ nẹ́gétíìfù. Bí ó bá jẹ́ pupa ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú, tí ìdí sípánà sì gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí irin tó di bátìrì mú, sípánà náà ti di wáyà láàárín pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù nìyẹn: iná á ṣẹ́ yọ, irin á pupa, bátìrì lè bú. Bí dúdú bá ti kúrò, sípánà lè gbá ibikíbi nígbà tí wọ́n ń tú pupa, kò sí ohun tó máa ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ń so ó padà, pupa á ṣáájú, dúdú á kẹ́yìn, nítorí ìdí kan náà.

Tẹ́míná tó lẹ̀ kò yẹ kó rí òòlù, kò sì yẹ kí wọ́n fi sìkúrúdíráfà fipá gbé e sókè láti ìsàlẹ̀. Orí bátìrì so mọ́ àwọn pẹlẹbẹ òjé inú. Ẹni tó bá fipá yí i lè já a nínú, tàbí kó ya ike ìdí rẹ̀ kí àsíìdì máa jò títí ayé. Wọ́n á fi sìkúrúdíráfà la ẹnu tẹ́míná díẹ̀, wọ́n á da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, wọ́n á sì máa rọra mì í sókè. Ibi tí omi gbígbóná ti wúlò nìyí.

Àsíìdì tó wà nínú ìyẹ̀fun ló kàn. Ṣíbí báákìn sódà kan nínú ife omi tó gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àlòkù bù ú sí i, á hó yààà, bí kò bá sì hó mọ́, àsíìdì ti tán. Kánún tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà náà dára, nítorí ẹbí kan náà ni òun àti báákìn sódà. Kí wọ́n ṣáà gún un kúnná, kí wọ́n sì sẹ́ iyanrìn rẹ̀. Ìdérí ihò bátìrì gbọ́dọ̀ há gírígírí, nítorí omi yìí tó bá wọ inú á ba àsíìdì ibẹ̀ náà jẹ́. Ní ti kóòkì tí àwọn kan ń dà lé e, ó ń yọ́ ìyẹ̀fun lóòótọ́, nítorí àsíìdì wà nínú òun náà. Ṣúgà rẹ̀ á ṣẹ́ kù, á sì máa kó eruku jọ. Inú ènìyàn ló yẹ kó lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, ife búrọ́ọ̀ṣì á dé orí bátìrì, ọwọ́ á sì máa yí i lọ sápá ọ̀tún, sápá òsì, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, títí òjé á fi máa dán yíká. Ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì á ṣe bẹ́ẹ̀ nínú tẹ́míná. Kì í gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Eruku tó ń jáde kì í ṣe ohun à-ń-fẹnu-fẹ́, òjé ni, májèlé sì ni òjé, pàápàá fún ọmọdé. Àkísà tútù ni wọ́n fi ń nù ún, wọ́n á sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ olóńjẹ gáréèjì.

Tẹ́míná á wọlé dé ìdí, wọ́n á sì fún bóòtù títí ọwọ́ kò fi ní lè yí i. Bí bóòtù bá ti fún dé òpin tí tẹ́míná ṣì ń mì, ó ti là jù tàbí kí òjé ti jẹ tán. Ìṣó tàbí pẹlẹbẹ agolo tí wọ́n ń kì sí àárín rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ délé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kan péré ni iná ń gbà, ibẹ̀ ló sì ti máa gbóná. Tẹ́míná tuntun ló yẹ kí wọ́n rà. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti le ni girísì tàbí Vaseline kàn, fẹ́lẹ́, láti bo ojú ìta kí ìrì àsíìdì má ríbi bà sí.

Ẹ̀yìn wáyà dúdú ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, níbi tí bóòtù ti dè é mọ́ ara ọkọ̀. Ìpẹtà àti ọ̀dà ibẹ̀ lè ṣe gbogbo ohun tí orí bátìrì tó dọ̀tí ń ṣe, kò sì sí ẹni tó máa fura sí i. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tún ní ti tirẹ̀: bátìrì méjì ni wọ́n so pọ̀ di fólítì 24, orí di mẹ́rin, wáyà kúkúrú tó so méjèèjì pọ̀ sì máa ń dọ̀tí láìsí ẹni tó bojú wò ó.

Mítà kékeré tó ń ka fólítì ló ń yanjú iyèméjì. Bí ẹnìkan bá ń yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnìkejì fi ẹnu mítà kan lé òjé orí bátìrì gan-an, kó fi èkejì lé tẹ́míná tó há a. Odo tàbí ohun tó súnmọ́ ọn ló yẹ kó kà. Bó bá ti kọjá fólítì 0.2, búrọ́ọ̀ṣì ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé ẹnu mítà méjèèjì lé òjé méjèèjì nígbà tí sìtátà ń yí. Bí bátìrì tí wọ́n ti rọ iná sí kún bá jábọ́ sísàlẹ̀ fólítì 9.6, bátìrì gan-an ló ti rẹ̀. Bó bá dúró lókè 10 tí gbogbo ojú ìsopọ̀ sì mọ́, tí sìtátà kò sì yí, kò sí ìdí láti ra bátìrì. Sìtátà ni kí riwáyà tú.