"Kò sí òkun l'Abúja, irin wa kì í dógùn-ún": ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan ò ní dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà wa ní Dei-Dei l'Abúja, á gbé gálọ́ọ̀nù epoxy, ọ̀dà irin tó le tó sì wọ́n, sókè, á bi mí pé èló, tí mo bá ti dárúkọ owó tán, ẹ̀rín ló máa bú sí. "Ẹ̀gbọ́n, èyí táwọn tó wà létí òkun ń lò nìyí now, Abúja la wà o, ilẹ̀ gbígbẹ nibí, irin kì í dógùn-ún níbí." Á wá ra ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú gálọ́ọ̀nù kan, á fi lítà méjì tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, sí i, ẹ jọ̀ọ́, lítà tínà méjì nínú gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan, kí ló kù níbẹ̀ tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ irin? Àwa Yorùbá gan-an la máa ń pọ̀ jù nínú wọn, torí ọ̀pọ̀ wa láti Èkó la ti wá, a ti rí bí ìpáàrà ṣe ń jẹ géètì ní Ajah àti Lẹ́kkí, tí a bá wá dé ibí tá a rí géètì ọdún mẹ́ta tó ṣì ń dán, ṣe la máa ń rò pé a ti bọ́. Mo ń ta ọ̀dà o, mi ò fi pamọ́, ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ́ ẹ bá fẹ́, yóò ṣì ku nǹkan.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá irin ń dógùn-ún l'Abúja. Ẹ dúró lójú títì Keffi, kẹ́ ẹ wo òrùlé Nyanya àti Mararaba, ẹ sọ fún mi àwọ̀ tẹ́ ẹ rí. Òjò tó ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, ṣé omi rẹ̀ yàtọ̀ ni? Páìpù gáàsì tí wọ́n ní yóò ti Ajaokuta gba Kaduna dé Kano, 614 kìlómítà ni, kò sí òkun kankan lójú ọ̀nà yẹn, síbẹ̀ kò sí ẹ́ńjíníà tórí ẹ̀ pé tó máa ri páìpù irin mọ́lẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti bá wọn sọ̀rọ̀ ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ìwé ìlànà kan wà tí gbogbo ayé ń lò fún ọ̀dà irin, ISO 12944 lorúkọ ẹ̀, ó pín àyíká sí C1, C2, títí dé C5, ó wá fi CX kún un fáwọn ibi tó burú kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọn bí ìpáàrà ṣe ń jẹ irin tí kò lọ́dà lára tó lọ́dún àkọ́kọ́. Ní C2, kò ju 25 máíkírọ́ọ̀nù lọ, tẹ́ ẹ bá pín mílímítà kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, márùndínlọ́gbọ̀n nínú ẹ̀ nìyẹn. Ní C5, tí í ṣe etí òkun tó níyọ̀ dáadáa, ó máa ń wà láàárín 80 sí 200. Ìlú tí iyọ̀ òkun ò dé, C2 tàbí C3 ló sábà máa ń bọ́ sí. Nítorí náà ẹni tó bá ní irin ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju Èkó lọ ò purọ́. Kí ló wá dé tí "ó ń pẹ́" fi di "kì í dógùn-ún" lẹ́nu yín?

Ìrì ni wọ́n gbàgbé. Èyí gan-an ló máa ń gba gbogbo ọ̀sán mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ títí kó tán nínú mi. Irin ò nílò kí òjò rọ̀, omi tín-ín-rín tójú ò tiẹ̀ rí ti tó o. Tílẹ̀ bá ti ṣú tójú ọ̀run sì mọ́, irin á máa tú ooru ara ẹ̀ sílẹ̀ sójú ọ̀run, á wá tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, afẹ́fẹ́ tó bá fara kàn án ò wá ní lè gbé omi inú ẹ̀ mọ́, á dà á sílẹ̀ lára irin yẹn. Kì í ṣe òjò, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ẹ̀, ṣùgbọ́n irin ti rin. Àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí, bí òjò ṣe pọ̀ tó nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà, iye wákàtí tí irin fi rin ni wọ́n ń kà, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá 80 nínú 100, wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jí laago márùn-ún àárọ̀ nínú oṣù kọkànlá, òjò ti dá, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ nu bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò yín, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yẹn hàn mí.

Tí mo bá sọ èyí, èsì tí wọ́n máa ń fún mi ni pé ìrì ò tó nǹkan. Ó dáa. Ìrì tó rin sòkòtò yín títí dé orúnkún tẹ́ ẹ bá gba inú koríko kọjá láàárọ̀, òun náà ni kò tó nǹkan lára irin. Àwọn mìíràn á ní ọyẹ́ ńkọ́? Mo gbà, nínú ọyẹ́ gan-an, nínú oṣù kìíní tí ètè gbogbo wa ń bẹ́, ìrì kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, irin máa ń sinmi. Àmọ́ ọyẹ́ kì í lọ lásán, ó máa ń fi eruku sílẹ̀ ní gbogbo kọ̀rọ̀ irin, lábẹ́ ìdè, ní ìdí òpó, tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá dé, eruku yẹn á mu omi bíi fóòmù, kò ní tètè gbẹ. Iye tí ìwé C2 yẹn ń sọ, irin tí wọ́n fi kọ́ síta gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni. Kò sọ̀rọ̀ nípa ìdí òpó o, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ nípa inú táǹkì.

Aládùúgbò mi kan wà ní Kubwa, Bàbá Ìbejì la máa ń pè é, ọmọ Èkìtì, òun gan-an ni ọ̀gá àwọn tó ń wí pé irin kì í dógùn-ún níbí. Ó ní stánṣọ̀n kan lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ mẹ́rin, táǹkì onílítà 2,000 ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀dà sílífà ló fi kùn ún, ó ń dán bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ kan tá a jọ ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé kan ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀ níbi tó ti wọ kọnkéré, dípò kó dún "kán" bó ṣe yẹ, ó dún "pọ̀". Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wọlé bí ẹni ki ìka bọ ẹ̀kọ. Bàbá Ìbejì dákẹ́, ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo òkè, ó rọra fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Páìpù oníhò ni, wẹ́dà ò dí i lórí, gbogbo ìgbà yẹn lòjò fi ń wọ inú ẹ̀, tí omi ń jókòó sídìí nínú òkùnkùn. Ọ̀dà ìta ò mọ̀ rárá. Kí n sì sòótọ́, ká ní epoxy tó wọ́n jù láyé ló fi kun ìta yẹn, kì bá tí yàtọ̀, ohun tí ì bá gbà á ni pátákó irin kékeré kan lórí, owó ńlá kọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fura sáwọn ará tiwa náà, àwa tá à ń tajà. Ìwádìí kan wà tó jáde lọ́dún 2016 látọwọ́ NACE, àjọ àwọn onímọ̀ ìpáàrà, ó ní ìpáàrà ń jẹ owó bíi tírílíọ̀nù dọ́là 2.5 lọ́dún kárí ayé, gbogbo ẹni tó ń ta ọ̀dà ló ti há a sórí. Wọn kì í sábà rántí pé ìwádìí yẹn kan náà sọ pé ká kàn máa lo ohun tá a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dáadáa, a lè gba 15 sí 35 nínú 100 owó yẹn padà. Kò sọ pé ẹ lọ ra gálọ́ọ̀nù tó wọ́n jù.

Afárá Forth ní Scotland, 1890 ni wọ́n ṣí i, wọ́n máa ń fi ṣòwe pé kíkùn ẹ̀ kì í parí láéláé. Ní 2011 ó parí o, wọ́n sì retí pé ọ̀dà yẹn máa lo ọdún 25 ó kéré tán. Ìpele ọ̀dà mẹ́ta ni wọ́n fi kùn ún, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò títí irin fi fara hàn ni. Ẹ wá wo péńtà tiwa, wáyà brọ́ọ̀ṣì kan lọ kan bọ̀, ó ti ń wá búrọ́ọ̀ṣì.

Èmi ò wá sọ pé kí gbogbo ayé ra epoxy. Géètì tó wà nínú ọgbà lókè Kano tàbí Maiduguri, tẹ́ ẹ bá fọ ìpáàrà ara ẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí red oxide, ọ̀dà pupa tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi kun irin, àti ọ̀dà olóróró tó o, mi ò ní bá yín jà. Epoxy gan-an kì í fẹ́ràn oòrùn wa, tẹ́ ẹ bá fi í síta láìfi polyurethane, ọ̀dà òkè tó ń gba oòrùn dúró, bò ó, á di funfun bí ẹfun, á máa ràn mọ́ ọwọ́. Agolo méjì ló sì jẹ́, ńlá àti kékeré, ẹni tó bá ta agolo ńlá nìkan fún yín tó ní "kékeré ti tán, ó máa gbẹ bẹ́ẹ̀ náà", kò ní gbẹ o, ẹ dá a padà. Ẹ má sì kun irin láàárọ̀ kùtù tó ṣì tutù, ó yẹ kó fi ó kéré tán ìwọ̀n 3 °C gbóná ju ibi tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ má kùn ún lọ́sàn-án gangan tí páànù ń jó ọwọ́, ọ̀dà á gbẹ kó tó lẹ̀.

Ẹni tó bá ní stánṣọ̀n nílé, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ sídìí ẹ̀ lónìí. Lítà omi 1,000, tọ́ọ̀nù kan ni. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé, ẹ má pe péńtà, ẹ lé àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ ẹ̀, ẹ tú omi inú táǹkì sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá pe wẹ́dà. Bàbá Ìbejì ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún wá ra ọ̀dà sílífà fún géètì, mo tà á fún un, mi ò ta ju ìdajì lítà tínà kan lọ fún un, ó sì ń kùn sí mi lẹ́nu bó ṣe ń lọ.