Ìwọ́ra fún ara líle tí másùnmáwo iṣẹ́ ń fà

Ìwọ́ra, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí màsáàjì, ni kí a fi ọwọ́ tẹ ara, kí a fún un, kí a pò ó tàbí kí a rọra fà á kí iṣan tó le lè dẹ̀. Ọrùn, èjìká àti ìbàdí ni àwọn tí iṣẹ́ ti wọ̀ lára máa ń mú lọ bá oníṣẹ́ ìwọ́ra jù, yálà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, aṣọ rírán tàbí ìtọ́jú aláìsàn.

Bí iṣẹ́ ṣe ń wọ inú iṣan

Nígbà tí ìpayà tàbí ìkánjú bá dé, ọpọlọ máa ń mú ara gbára dì bí ẹni tó fẹ́ jà tàbí tó fẹ́ sá. Èròjà adirẹnálíìnì á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, iṣan á sì le. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti tábìlì iṣẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì sá lọ síbì kankan, nítorí náà èjìká rẹ̀ lè wà ní gíga lẹ́bàá etí fún wákàtí púpọ̀ láìjẹ́ pé ó fura. Àwọn mìíràn a máa fún eyín pọ̀, tí orí á sì máa fọ́ wọn ní ẹ̀bátí.

Ìjókòó náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Orí àgbàlagbà wọ̀n tó kílógíráàmù 5. Bí ó bá ti tẹ̀ síwájú, ẹrù di ti iṣan ẹ̀yìn ọrùn àti ti trapezius, iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ìpàkọ́ tàn dé èjìká títí lọ sí agbedeméjì ẹ̀yìn.

Oríṣi ìwọ́ra

Wọ́n sábà máa ń sọ pé Pehr Henrik Ling (1776–1839), ará Swídìn, ló dá ìwọ́ra Swídìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n eré ìmárale ni iṣẹ́ tirẹ̀ dá lé jù. Johan Georg Mezger (1838–1909), dókítà ará Nẹ́dálándì, ni wọ́n gbà pé ó to ìlànà náà lẹ́sẹẹsẹ, orúkọ èdè Faransé sì ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní. Effleurage ni fífa àtẹ́lẹwọ́ gbọọrọ lórí ara. Petrissage ni pípo iṣan bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Tapotement sì ni fífi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lù ú wéréwéré. Òróró tí wọ́n ń lò kì í ṣe oògùn, kí ọwọ́ lè máa yọ̀ ni.

Shiatsu ti ilẹ̀ Japan kò nílò òróró: àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ ara, aṣọ sì wà lọ́rùn ẹni tí wọ́n ń wọ́. Bákan náà ni ti Nuad Thai, ìwọ́ra ilẹ̀ Thailand, tí UNESCO kọ sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ní ọdún 2019. Láti àwọn ọdún 1980 ni ìwọ́ra orí àga ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n lè ṣe níbi iṣẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15.

Ohun tó ń ṣe, àti ohun tí kò ṣe

Àwọn kan gbà pé ìwọ́ra ń fọ ìdọ̀tí tàbí ásíìdì kúrò nínú iṣan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ti ń palẹ̀ irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ mọ́ láàárín wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ agbára. Àlàyé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni pé títẹ̀ náà ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ a sì dín ìrora àti líle iṣan kù. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn American College of Physicians ka ìwọ́ra mọ́ àwọn ìtọ́jú tí a lè kọ́kọ́ lò fún ẹ̀yìn ríro tí kò tíì pẹ́. Ìtura rẹ̀ kì í sábà tọ́jọ́, pàápàá bí àga, tábìlì àti wákàtí iṣẹ́ bá wà bí wọ́n ṣe wà.

Ènìyàn lè ti bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí àárín ògiri àti èjìká, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má fi kan eegun ẹ̀yìn. Iwájú ọrùn kì í ṣe ibi títẹ̀, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ wà níbẹ̀. Kí ẹni tí ibà mú, tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, rí dókítà ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí apá rẹ̀ ń kú tipiri tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára mọ́.