Ọ̀sẹ̀ Iṣẹ́-Ọnà ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́-ọnà ni ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá yà sọ́tọ̀ nínú sáà fún orin, ijó, eré oníṣe, àwòrán yíyà àti iṣẹ́ ọwọ́. Apá méjì ló ní. Ọ̀kan ni eré orí ìtàgé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àwọn eléré tí wọ́n pè wá ń ṣe fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wò. Èkejì ni ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe: oníṣẹ́-ọnà á wọ kíláàsì, á fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ọmọ, àwọn náà á sì ṣe é. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ bá wá láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà àti orílẹ̀-èdè, ọ̀sẹ̀ náà di ọ̀sẹ̀ àṣà pẹ̀lú. Eré ni àlejò máa ń rántí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe ló gbé ọ̀sẹ̀ náà ró.

Ìtàn

Ọ̀kan tó ti pẹ́ lára irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ni Eisteddfod yr Urdd ti ilẹ̀ Wales. Urdd Gobaith Cymru, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Corwen ní 1929. Ìparí oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi àárín sáà. Èdè Welsh ni wọ́n fi ń kọrin, òun náà ni wọ́n fi ń kéwì, iṣẹ́ ọwọ́ àti ijó sì wà níbẹ̀. Èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń tipa bẹ́ẹ̀ gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́-ọnà ọmọdé láti 1961, kí wọ́n tó fa àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ́ ọn ní 1969.

Òfin àgbáyé náà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìpín 31 nínú Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú àṣà àti iṣẹ́-ọnà. Ìpín 30 sọ pé ọmọ tó wá láti inú ẹ̀yà kékeré ní ẹ̀tọ́ sí àṣà àti èdè tirẹ̀. UNESCO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pe ìpàdé àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà sí Lisbon ní 2006, ó tún pe òmíràn sí Seoul ní 2010. Ní 2011, ó kéde ọ̀sẹ̀ kẹrin oṣù Karùn-ún gẹ́gẹ́ bí Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ọnà Lágbàáyé. Ọ̀sẹ̀ yìí kò jìnnà sí ọjọ́ 21 oṣù náà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún onírúurú àṣà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Bó ṣe ń lọ

Ìmúra ló ń gba àkókò jù. Olùkọ́ ní láti yí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ padà, kó pín gbọ̀ngán, kó sì bá oníṣẹ́-ọnà sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa ọjọ́ orí àwọn ọmọ àti irinṣẹ́ tí wọ́n lè fọwọ́ kàn. Lórí ìtàgé, kì í ṣe ẹni tí ojú kì í tì nìkan ni iṣẹ́ wà fún. Ẹnì kan ní láti tan iná, ẹlòmíràn ní láti rán aṣọ eré, kí ẹlòmíràn sì kun ògiri ìtàgé.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń wọlé ni ìdí iṣẹ́ gan-an. Àpẹẹrẹ kan ni batik ti Indonéṣíà, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi ìda ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Wọ́n á yọ́ ìda nínú páànù kékeré, ọmọ á fi canting bù ú, ìyẹn ife bàbà kékeré tó ní ẹnu tóóró àti èèkù igi, á sì máa fi tọ ilà tó ti fà sórí aṣọ. Ibi tí ìda bá bò, aró kò ní wọ ibẹ̀. Bí ìda bá tutù jù, orí aṣọ ló máa jókòó sí; bó bá gbóná jù, á ṣàn kọjá ilà. Ọmọ á wá yí ẹ̀yìn aṣọ wò bóyá ìda ti wọ̀ ọ́ já. Lẹ́yìn aró, omi gbígbóná ló ń yọ ìda náà kúrò. Ọmọ tó ti ba aṣọ kan jẹ́ báyìí kò ní fojú kékeré wo iṣẹ́ àwọn ará erékùṣù Java ní Indonéṣíà mọ́. Ní 2009, UNESCO kọ batik sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé ní láti pa mọ́. Ọdún yẹn kan náà ló yan ètò tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé batik ní ìlú Pekalongan fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe.

Ìlù djembe àwọn Mandinka ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ní àárín awọ ló ń mú ohùn tó wúwo jáde, ìka létí awọ ló ń mú èyí tó mọ́ gaara, etí ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè mọ̀ ọ́n.

Àríyànjiyàn

James A. Banks, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, pín ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà mú àṣà wọ inú ẹ̀kọ́ sí ìpele mẹ́rin. Èyí tó kéré jù ni èyí tó dúró lórí akọni, àjọ̀dún àti oúnjẹ nìkan. Ọ̀sẹ̀ tó kún fún àsíá àti aṣọ aláràbarà, tí kò sí ẹni tó ni àṣà náà níbẹ̀ láti ṣàlàyé rẹ̀, kò kọjá ìpele yìí. Ìṣòro mìíràn ni ohun mímọ́. Àwọn agọ̀ àti aṣọ kan wà tí àwọn tó ni wọ́n kì í lò fún eré, kò sì tọ́ kí ọmọ kíláàsì fi páálí ṣe wọ́n. Ó tún ń ni ọmọ lára bí wọ́n bá ní kó dìde sọ̀rọ̀ lórúkọ ilẹ̀ òbí rẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí.

Ipa rẹ̀

Ìwádìí tó gbajúmọ̀ ni ti Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, tó jáde ní 2019. Ilé-ẹ̀kọ́ 42 tó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 10,000 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi gègé yan àwọn tí àwọn ẹgbẹ́ iṣẹ́-ọnà máa bá ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ ìwà àìtọ́ dínkù níbẹ̀, máàkì àròkọ gòkè, àánú ọmọlàkejì sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jálẹ̀ ọdún nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan fi ń dá oníṣẹ́-ọnà dúró títí sáà á fi parí, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan sára ògiri pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àwọn ènìyàn tó ni iṣẹ́-ọnà náà.