Àyà ìyá ni ilé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní Abuja, ìyá tí ó bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni ọkàn mi máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí òtútù tí àgbà ń fi súwẹ́tà kan lé lọ lè pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni mo ní lọ́kàn. Ọ̀rá abẹ́ awọ tí ì bá mú un móoru kò tíì pọ̀ lára rẹ̀, nítorí náà, ìwọ̀nba oúnjẹ tí ó ń wọ inú rẹ̀, ooru ni ó ń fi í wá dípò kí ó fi í sanra.

Ìwọ̀n Celsius 36.5 sí 37.5 ni ó yẹ kí ara rẹ̀ wà. Bí kò bá sí tẹmómítà nílé, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ikùn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ nìkan bá tutù, òtútù ti ń wọlé. Bí ikùn náà bá tutù, tàbí tí ọmọ kò mu ọyàn mọ́, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dúró, ẹ má ṣe retí kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn bàbá sábà máa ń bi mí pé níbo ni àwọn ti lè rí ínkúbétọ̀, àpótí tí ń mú ọmọ móoru, rà. Èsì mi ni pé ọmọ tí dókítà bá ti yọ̀ǹda kí ó máa lọ sílé kò nílò rẹ̀. Ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ní ọdún 1978, àwọn dókítà tí ínkúbétọ̀ kò tó bẹ̀rẹ̀ sí í so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àyà ìyá rẹ̀. Láti ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí èyí bẹ̀rẹ̀ ní kété tí a bá bí ọmọ, fún wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Nàìjíríà sì wà lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tí ó gbe ìmọ̀ràn náà lẹ́yìn.

Àwa tí a mọ ọmọ pọ̀n, iwájú ni kí a pọn eléyìí sí. Ẹ bọ́ aṣọ kúrò láyà, ẹ fi nápì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan sílẹ̀ lára ọmọ, ẹ gbé e dúró sáàárín ọyàn méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kíká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, kí ojú rẹ̀ sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọrùn má baà tẹ̀ dí èémí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọ̀já gbà á, kí ẹ sì wọ aṣọ lé e. Bàbá lè ṣe é. Ìyá àgbà tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wọkọ̀ wá sí Kubwa láti wẹ ọmọ náà lè ṣe é, mo sì ti rí i pé iṣẹ́ yìí ni ó máa ń tètè mú kí wọ́n gbàgbé omi gbígbóná, nínà apá àti jíju ọmọ sókè, tí ara ọmọ yìí kò lè gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos àti Kaduna, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa tìyá-tọmọ.

Káńfọ̀ funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ náà burú. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni èròjà tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní G6PD, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òórùn káńfọ̀ yìí a máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ibà pọ́njú a sì bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó lè ba ọpọlọ jẹ́.

Ní ti oúnjẹ, kí oyún tó tó ọ̀sẹ̀ 34, ọ̀pọ̀ ọmọ kò tíì mọ bí a ṣe ń fà, gbé mì, kí a sì mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fún ọyàn sínú ife mímọ́, kí ẹ sì fún un bí wọ́n ṣe kọ́ yín ní ilé ìwòsàn, ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kódà bí ó bá ń sùn. Kò sí omi, kò sí àgbo.

Ọjọ́ ìbí gan-an ni a fi ń ka oṣù abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá ń béèrè ìdí tí ọmọ oṣù mẹ́fà kò fi tíì jókòó, láti ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ bí i ni kí ẹ ti ka oṣù náà fún wọn.