Ìbáramu

Ìbáramu ni bí àwọn ẹ̀yà ohun kan, tàbí àwọn èrò inú ọ̀rọ̀ kan, ṣe ń wọ̀ fún ara wọn láìjẹ́ pé ọ̀kan ń dí èkejì lọ́wọ́. Ó yàtọ̀ sí ìjọra: kọ́kọ́rọ́ kò jọ àgádágodo, síbẹ̀ wọ́n bára mu.

Orin fi èyí hàn kedere. Bí okùn méjì bá nípọn bákan náà, tí wọ́n sì fà wọ́n le bákan náà, ohùn wọn á wọnú ara wọn bí ọ̀kan bá gùn ní ìlọ́po méjì èkejì. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan bá ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èkejì sì ń gbọ̀n nígbà 443, etí á máa gbọ́ ìró tó ń ròkè rodò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, ibi tí ohun méjì ti so pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbáramu ti ń le jù. Ní oṣù Kejì ọdún 1904, iná ńlá sọ ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Àwọn panápaná sáré wá láti ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà omi ọ̀pọ̀ wọn kò wọ ẹnu ẹ̀rọ omi ẹ̀bá títì níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe rọ́bà, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ omi. Ilé tó lé ní 1,500 ló jóná.

Ní ti èrò, gbólóhùn méjì bára mu bí ó bá ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. “Òjò rọ̀ láàárọ̀” àti “ilẹ̀ gbẹ lọ́sàn-án” kò takora. “Òjò rọ̀ láàárọ̀” àti “òjò kò kán rárá lónìí” takora. Ìbáramu nìkan kì í ṣe ẹ̀rí òtítọ́ o, nítorí irọ́ tí wọ́n tò dáadáa lè bára mu látòkè délẹ̀. Ìtakora ẹyọ kan ṣoṣo, ní tirẹ̀, tó láti fi hàn pé nǹkan kan kò tọ́. Ní ọdún 1902, Bertrand Russell, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lẹ́tà sí Gottlob Frege, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì, ó sì fi ìtakora kan hàn án nínú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Apá kejì ìwé Frege ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé nígbà náà. Àfikún tí Frege kọ sí ìparí ìwé náà ló fi jẹ́wọ́ ìṣòro náà. Ní 1931, Kurt Gödel, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé ètò ìṣirò tó bára mu, tó sì lágbára tó láti gba ìṣirò àwọn nọ́ńbà, kò lè fi òfin inú ara rẹ̀ nìkan fìdí ìbáramu rẹ̀ múlẹ̀.